Ọkọ̀ Tó Wu Ìyá Àgbà

Gèlè ìyá àgbà ti kan òrùlé ọkọ̀ pupa kan tó rẹlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ níta, ṣùgbọ́n ìyókù ara rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó mí kanlẹ̀, ó tún jókòó padà. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ na ọwọ́ sí i. Ìyá àgbà wo ọwọ́ náà bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ tó ti kan fún.

"Gbọ́wọ́ ẹ kúrò," ló wí. "Mò ń bọ̀."

Ẹ̀gbẹ́ títì, nítòsí Ọ̀fà Gárééjì, ni wọ́n ti ń ta àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà. Oòrùn ti mú, àwọn agbèrò ń pariwo "Ọ̀fà, ẹnì kan ló kù!" lódìkejì, inú àwọn ọkọ̀ sì ń rùn bí ike tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, mo sì dúró ti bàbá mi.

Ìyá bàbá mi ni ìyá àgbà. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì, a sì jọ ń gbé ní àdúgbò Basin. Bí ọkọ̀ asáré bá ń kọjá, irú ọkọ̀ pupa yẹn tó ní ilẹ̀kùn méjì péré, ìyá àgbà á dá ọ̀rọ̀ dúró títí ìró rẹ̀ á fi lọ tán. Ọkọ̀ tó gba gbogbo ọmọ ni bàbá àgbà ń rà títí tó fi kú. Ní báyìí, ìyá àgbà ti tọ́jú owó tirẹ̀, ó fẹ́ ra èyí tó wù ú.

"Màámi, ọkọ̀ ńlá tó rọra ń lọ ló yẹ yín," ni bàbá mi ń sọ láti àárọ̀. "Kí làwọn èèyàn á wí?"

"Àwọn èèyàn wo? Àwọn tí mo gbẹ̀bí wọn?"

Níkẹyìn ìyá àgbà dìde fúnra rẹ̀, òógùn bò ó. Ó fọwọ́ pa orí ọkọ̀ pupa náà, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ ti pọ́n. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Orúnkún mi kò gbà," ló wí. "Kòtò àdúgbò wa náà á ha á nísàlẹ̀. Èló sì ni owó ìfẹ̀yìntì tí màá máa fi ra epo?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ọkọ̀ ńlá kan. Ìyá àgbà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Ìdí ògiri ló lọ, níbi tí ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ búlúù kan wà, tí ìjókòó rẹ̀ ga díẹ̀. Ó wọlé, ó jáde, kò di nǹkan kan mú.

"Ṣé èyí lè sáré?"

"Àlájà, wàláì, epo díẹ̀ ló ń mu, ṣùgbọ́n ẹ tẹná mọ́ ọn kẹ́ ẹ wò ó."

Èmi bọ́ sẹ́yìn, ẹni tó ń ta ọkọ̀ jókòó síwájú. Nígbà tí a dé ibi tí títì ti dá, ìyá àgbà tẹná lóòótọ́. Atẹ́gùn ya wọlé, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ ìjókòó, ìyá àgbà sì ń kígbe "Alhamdulilahi!" bí ọmọdé tí wọ́n sọ sókè. Ọkùnrin tó sọ pé kó tẹná ló wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. N kò tíì rí àgbàlagbà tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó rà á. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́ kò jẹ́ kó wà á pẹ́. Nígbà tí dókítà ní kó má wakọ̀ mọ́, ẹ̀rù ń ba bàbá mi láti gba kọ́kọ́rọ́. Ìyá àgbà ló pè é sí pálọ̀, tó fi í lé e lọ́wọ́.

"Gbà," ló wí. "Mo ti wà á."

Kò sunkún. Èmi ni mo sunkún. Èmi náà ti bímọ báyìí, ọ̀pọ̀ nǹkan tó wù mí ni mo sì ń sún síwájú, tí mò ń sọ pé ó dìgbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà. Mo máa ń rántí ohùn tó fi sọ ọ̀rọ̀ yẹn, bó ṣe balẹ̀ tó, ẹ̀rù á sì bà mí díẹ̀. Ó wù mí kí èmi náà lè sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.