Ìtì Igi Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Àgbà

Ẹ́ńjìnnì tírélà náà hùn, ó wúkọ́, ó sì kú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé wa. Ìyá àgbà ju pákò ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Irin ló kún ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó ń gun òkè náà lọ sí Ṣàngó, òórùn rọ́bà tó ń jó sì ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi, l'Ọ̀tà, ni mo gbé dàgbà, lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù ń gbà. Ìtì igi kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà gbogbo, kì í sì í ṣe fún dídáná. Bí ọkọ̀ bá kú lórí òkè yẹn, ọmọ ọkọ̀ á sáré wá gbé e, á tì í bọ abẹ́ táyà kí táyà tó yí sẹ́yìn. 

Lọ́jọ́ yẹn, àbúrò mi ọkùnrin wà lẹ́yìn tírélà náà, ó ru garawa omi, ó ń gun òkè bọ̀. Ọmọ ọkọ̀ ti gbé ìtì igi, ṣùgbọ́n kó tó dé ìdí táyà, ọkọ̀ ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó ṣì fẹ́ ti igi náà bọ abẹ́ táyà.

“Jù ú sílẹ̀!” ni ìyá àgbà ké. “Ó ti rìn! Kò níí gbọ́ mọ́!”

Ọmọ ọkọ̀ jù ú sílẹ̀. Táyà ta ìtì náà dànù bí ẹni ta èkùrọ́. Àbúrò mi sọ garawa nù, ó kẹ́yìn sí ọkọ̀, ó ń sá lọ tààrà sísàlẹ̀, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ń gbà bọ̀ gan-an. Irin ń ró gbangan-gbangan. Ẹ̀rù bà mí débi pé ohùn mi ò jáde.

“Má sá níwájú ẹ̀! Yà! Yà sí gọ́tà!” ni ìyá àgbà tún ké sí àbúrò mi.

Ó kó sí gọ́tà, mi ò sì rí i mọ́. Tírélà kọjá, ó lọ fi ìdí gún òkìtì yanrìn àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù.

Ìgbà tí àbúrò mi yọrí, tòun ti ẹrẹ̀, ni ìyá àgbà tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo bu omi fún ìyá àgbà.

“Ohun tó wúwo, tó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀,” ló sọ fún àbúrò mi níkẹyìn, “bó ṣe ń lọ náà ni yóò máa lọ. Kò ní yà fún ọ, ọmọ mi. Ìwọ ni wàá yà fún un.”

Fisíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. Bí a bá dé ibi pé ohun tó ń rìn kì í dúró àfi bí agbára mìíràn bá dá a dúró, mo máa ń ya tírélà àti ìtì igi sójú pátákó. Wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín: ṣé igi kékeré yìí ló fẹ́ dá tírélà dúró ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó bá tètè dé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan nàka sókè. “Tí kò bá wá tètè dé ńkọ́, mà?”

Mo gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Mo tún ń gbọ́ bí irin tírélà yẹn ṣe ń ró.

“Yà!” Ohùn ìyá àgbà ló jáde lẹ́nu mi.