Ológbò Ìyá Ọlọ́ṣẹ Kì í Ṣe Ẹja

Tí mo bá ti rí aṣọ ìnura tó tutù, ohùn Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni mo máa ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ọṣẹ ló ń tà ní ọjà Odawna ní Ghana. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wẹ ológbò rẹ̀ kó tó lọ kírun. Tí mo bá gbé e sún mọ́ ààrò kó lè tètè gbẹ, á pariwo:

“Ṣé ẹja ni? Fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, má fi gbo ó! Etí rẹ̀ ńkọ́?”

Nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwa àjèjì tí a ò níwèé ìgbélùú máa lọ, ó wẹ ológbò láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ wa fẹ́ gbéra. Ó ní òun ò ní gbé ìdọ̀tí wọ ilé bàbá òun. Ọlọ́pàá kan dé, ó kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.

“Màmá, ìjọba ní kẹ́ ẹ máa lọ!”

Ó gbé ológbò lé e lọ́wọ́. “Bá mi dì í mú. Lílọ nìjọba wí, wọn ò sọ pé ká lọ pẹ̀lú omi lára.”

Ọlọ́pàá sì ń bá a nu etí ológbò.

Ọkọ̀ wa ò ní ìbòrí. Òjò ká wa mọ́ ọ̀nà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ tú gèlè, ó fi wé ológbò, ó tún bẹ̀rẹ̀ bò ó. Ká tó dé ààlà, gbogbo wa ti rin gbingbin.

Ológbò nìkan ló gbẹ.