Ẹkún Ìyàwó Tí Mo Sun Ṣáájú Ọjọ́

Ní kékeré mi, ní ìlú Ọ̀yọ́, ara mi kì í balẹ̀. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi a máa mì. Bí wọ́n bá rán mi lọ pọnmi, n óò ti dé etí odò kí n tó rántí pé garawa wà nílé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí ẹ̀gúsí bíbó. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìdí igbá ẹ̀gúsí ni ìyá bàbá mi ti ń kọ́ mi ní ẹkún ìyàwó, nítorí bàbá mi ti gbà pé kí ọmọ oníṣòwò aṣọ kan fẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbà mí wọlé, lẹ́tà wọn sì wà lábẹ́ ẹní mi. Bàbá ní kí n gbàgbé rẹ̀. Èèpo ni mò ń jù sínú igbá, ẹ̀gúsí ni mò ń dà sílẹ̀. Ìyá àgbà a sì fi ìka kàn mí lórí: "Àbíkẹ́, ẹnu rẹ ń bẹ níhìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ ti dé Ògbómọ̀ṣọ́."

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọ̀kan ni mo dì mú ṣinṣin: ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ sọ ní ìdúró, ìyàwó lè sun ún lẹ́kún ní ìkúnlẹ̀, àdúrà nìkan sì ni òbí gbọ́dọ̀ fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ wá dá ọjọ́ ìgbéyàwó, mo gbé omi fún wọn tán, n kò padà sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ síwájú bàbá mi, mo gbé ohùn sókè:

"Bàbá mi o, ẹ súre fún mi kí n tó lọ.
Ilé ọkọ kò sá lọ, ìwé ló ń sá lọ.
Ẹ jẹ́ n lé èyí tó ń sá bá ná."

Ojú bàbá mi pọ́n. Ìyá àgbà sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Bàbá Àbíkẹ́, dá a lóhùn. A kì í fi èébú gba ẹkún ìyàwó."

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o bá a."

Àgbà àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wò ó bí ìyàwó ti kọ̀ wá tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀!"

Mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, odidi àpò ẹ̀gúsí ni bàbá ní kí n bó, n kò sì gbọdọ̀ mi ẹsẹ̀.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí ọjọ́ ìgbéyàwó mi tó pé. Bàbá mi, tí irun rẹ̀ ti funfun, dé fìlà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ orí ba.

"Àbíkẹ́, ṣé o kò ní ẹkún kankan fún mi ni?"

"Bàbá, mo ti sun ún."

Ó súre fún mi, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ó ń wò, bí ẹni pé ẹkún ṣì kù síbẹ̀.

Àwọn ọmọ òde òní kò nílò ẹkún. Ohun tó bá wà nínú wọn ni wọ́n ń sọ, mo sì ń bá wọn yọ̀. Láìpẹ́ yìí, mo lọ kí ọmọ-ọmọ mi ní Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fi fíìmù kan hàn mí lórí fóònù: ọmọbìnrin kan, bí ọjọ́ orí mi ìgbà náà, bá bàbá rẹ̀ jà, ó gbé báàgì, ó gbá ilẹ̀kùn, ó lọ. N kò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́.

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Kí ló fi dá a lóhùn?"

"Màmá àgbà, ó ti parí nù-un."

Mo ní kí ó tún un fi hàn mí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé mo fojú fo ibi tí bàbá náà ti súre.