Ṣọ́ọ̀kì Búlúù Tíṣà Svetolik

"Tíṣà, bí àìsàn kan kì í bá ràn, kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi ń sá fún ẹni tó ní i?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ tí mo bi Tíṣà Svetolik ní ìbéèrè yìí, n kò sì tíì nawọ́ sókè ní kíláàsì rí. Ẹ̀kọ́ ìlera la wà. Ó ti fa ìlà sí àárín pátákó: àwọn àrùn tó ń ràn wà lápá òsì, àwọn tí kì í ràn, tí kì í sì í lọ, wà lápá ọ̀tún. Ó wo ojú fèrèsé, ó ń wo kùrukùru tó ń gòkè bọ̀ láti odò Drina bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí.

"Ìyẹn kò sí nínú ìwé mi," ó ní. "Fún mi láyè díẹ̀."

Díẹ̀ náà di ọdún mẹ́fà.

Nítorí Kosara ni mo ṣe béèrè. Àtọ̀gbẹ ti bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, ó sì ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ kó tó jẹun. Tíṣà ní kó fi abẹ́rẹ́ náà han gbogbo kíláàsì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jókòó mọ́. Èmi tí a jọ wà lórí àga kan náà ti kó ìwé mi lọ sẹ́yìn. Mo ní n kì í ríran dáadáa níwájú. Ìyá rẹ̀ ti sọ pé bí ó bá máa rí báyìí, òun yóò mú ọmọ òun lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní ìlú Niš lẹ́yìn ọjọ́ Sava Mímọ́.

Ọjọ́ Sava Mímọ́, ẹni mímọ́ tó ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wa, ni ohun tí ìlú ṣì ń sọ títí dòní ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ènìyàn ló ń bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń fẹnu ko ara wọn lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá dúró lórí ẹ̀ẹ̀mejì ti dá ìjà sílẹ̀. Iná ti lọ, àbẹ́là nìkan ló ń tàn nínú gbọ̀ngàn, òjò dídì sì ń bọ́ lójú fèrèsé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tíṣà Svetolik lọ ṣọ́ọ̀kì búlúù kúnná, ó fi pa àtẹ́lẹwọ́ àti irùngbọ̀n, ó kí ẹnì kan ṣoṣo: Màmá Jelisava tó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ó wá lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó káwọ́ gbera.

A ń jẹ àlìkámà sísè oníṣúgà lọ́wọ́ nígbà tí iná dé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti di búlúù nímú. Irùngbọ̀n funfun Àlùfáà Gavrilo dà bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́. Tíṣà gun orí àga, ó ní ká ní ikọ́ ife ni òun kó wá, gbogbo wa la ti kó o lọ sílé. Àlùfáà béèrè bóyá nǹkan náà máa ń kúrò. Tíṣà ní bóyá lẹ́yìn Àjíǹde.

Ó gbé ìgò jáàmù kan sókè. Ó ní ẹni tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ ni yóò gbà á, nítorí ẹni náà ló mọ ìlera. Gbogbo wa wo ara wa, à ń rẹ́rìn-ín, títí ojú wa fi dé ibi tí wọ́n ń fi kóòtù kọ́. Kosara ló dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Kò sẹ́ni tó kí i.

Ẹ̀rín dá díẹ̀díẹ̀, bí òjò ṣe ń dá. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbàgbé jáàmù sórí àga.

"Kosara, ọmọ mi," ó ní, "dárí jì mí. Mi ò tíì kí ọ."

Ó tún ti ọwọ́ àti irùngbọ̀n bọ inú ṣọ́ọ̀kì, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá Jelisava tò tẹ̀ lé e, Àlùfáà tẹ̀ lé ìyẹn. Èmi ni mo ṣe ìkẹrin. Nígbà tí a tú ká, kò sẹ́ni tó búlúù tó Kosara nínú ìlú. Kò lọ sí Niš mọ́. Ní ọjọ́ Ajé, mo rí i pé mo ń ríran dáadáa níwájú.

Ní ìlú wa, atẹ́gùn tó bá gba fèrèsé kan wọlé tó gba òmíràn jáde ló ń pa ènìyàn. Bí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà, wọn yóò ka orúkọ àwọn tó pa. Lọ́jọ́ kan, Tíṣà Svetolik pè wọ́n wá sí kíláàsì, ó ṣí fèrèsé méjèèjì, ó fi wákàtí kan ṣàlàyé fún wọn pé kòkòrò ló ń fa àrùn, kì í ṣe atẹ́gùn. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú ìwé tó bọ́, Màmá Jelisava rí ìborùn onírun méjì tó fi di ìbàdí lábẹ́ kóòtù. Ó bi í léèrè pé kí nìyẹn.

"Èmi mọ̀ pé irọ́ ni," Tíṣà ní. "Ìbàdí mi ni kò tíì mọ̀."

Nígbà mìíràn, láàárín ẹ̀kọ́, yóò dákẹ́. Òógùn yóò bo iwájú orí rẹ̀, yóò ju ṣúgà oníhóró kan sẹ́nu, yóò dijú bí ẹni tó ń gbọ́ odò tó jìnnà. A ó máa dúró dè é. Tó bá lajú, yóò ní òun ń ronú ni, pé ọpọlọ kì í ronú láìsí ṣúgà. A gbà á gbọ́. Ṣúgà là ń pè é lẹ́yìn rẹ̀.

Ó kú ní oṣù tó kọjá. Kó tó kú, nígbà tí igi lipa, tí òdòdó rẹ̀ ń ta sánsán, ń tanná, èmi àti Kosara lọ kí i. Ó dùbúlẹ̀, fèrèsé méjèèjì wà ní títì, síbẹ̀ òórùn òdòdó náà ti wọlé. Kosara rí àpótí irin kékeré kan lórí tábìlì, ó ṣí i. Abẹ́rẹ́ bíi tirẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó béèrè láti ìgbà wo. Tíṣà ní ó ti di ọdún mọ́kànlélógún.

"Ẹ ní kí n fi abẹ́rẹ́ mi han gbogbo kíláàsì, Tíṣà," ni Kosara wí, "tiyín sì wà lápò."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní kí n ṣí fèrèsé méjèèjì. Ó wá kọjú sí mi.

"Ìbéèrè rẹ ọjọ́sí, mo ti wá ìdáhùn rẹ̀ títí. Ìdí tí wọ́n fi ń sá, mi ò mọ̀ ọ́n tán. Ẹni tó kọ́kọ́ sá ni mo mọ̀. Èmi ni, ọmọ mi. Mo sá kí ẹnikẹ́ni tó rí mi, mò ń jẹ ṣúgà, mò ń pè é ní ìrònú. Kosara kò sá. Ó dúró síbi kóòtù, ó ń wò wá. Èmi ni tíṣà, òun ló kọ́ mi." Ó fa aṣọ ìbora sókè. "Ó yá, ẹ ti fèrèsé kan. Ìbàdí mi kò tíì gbọ́."