Ojú Naina Ni Òṣùwọ̀n

Bí ẹ bá dé ìlú wa, Taiping, tí ebi ń pa yín, tówó ò sì pọ̀ lápò, ẹ má bi àwọn tó ń ya fọ́tò oúnjẹ kiri. Èmi ni kẹ́ ẹ bi. Rohana lorúkọ mi, aṣọ ni mò ń rán, ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń jẹ ìrẹsì Naina Maideen lọ́sàn-án.

Naina ò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọfí Ooi, ará Ṣáínà, tó kọjú sí tèmi, ló tẹ́ tábìlì sí. Ooi ń ta kọfí, Naina ń ta ìrẹsì. Ẹ ó nawọ́ sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́: ilá, ẹyin, ẹja, adìẹ díndín. Naina á da oríṣi ọbẹ̀ mẹ́ta lé e títí ẹ ò fi ní rí ìrẹsì mọ́. Á wo abọ́ yín, á wo ojú yín, á sì dá owó lé e. Kò sí pátákó, kò sí ìwé. Wọ́n ṣáà ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Muthusamy, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, á jẹ adìẹ àti ẹyin, á san owó ringgit mẹ́rin. Ẹni tó gbé mọ́tò ńlá wá á jẹ irú ẹ̀, á san mẹ́sàn-án. Lọ́dún tí iṣẹ́ ò wọlé fún mi, ilá nìkan ni mo nawọ́ sí. Naina ju odidi ẹja lé e, ó ní, "Mẹ́ta." Mo ní mi ò béèrè ẹja. Ó ní, "Ta ló bi ọ́?" Mo sunkún sínú ọbẹ̀ yẹn. Ojú tì mí, inú mi sì dùn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ Ooi ò gbé e mọ́, ọmọ ẹ̀, Chun Wei, dé láti Kuala Lumpur wá gba ṣọ́ọ̀bù. A rò pé olùrànlọ́wọ́ dé. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, àlejò kan fi abọ́ ẹ̀ wé ti Muthusamy, ó sì pariwo pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Lọ́jọ́ kejì, Chun Wei gbé pátákó kọ́ sórí ìkòkò Naina: adìẹ mẹ́jọ, ilá mẹ́ta, ẹyin méjì.

"Bàbá, ohun tí ẹ ó máa gbà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn nìyẹn."

Naina ń bu ìrẹsì lọ. "Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ṣé ìwọ lo sè é?"

A bú sẹ́rìn-ín. Inú bí Chun Wei. "Ojúsàájú lẹ̀ ń ṣe! Abọ́ kan náà, owó méjì!"

"Abọ́ jọra, àpò ò jọra."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ibòmíì lọ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Naina ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan ló sì fi ń jẹun láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó kàn ní láti sọ pé "ó dáa" ni. Ó yọ pátákó, ó nù ún, ó gbé e lé Chun Wei lọ́wọ́.

"Pátákó ẹ dáa. Fi ta kọfí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ìkòkò. Mo dìde, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ṣófo. Bí ọbẹ̀ bá ta sáṣọ, aṣọ ṣeé fọ̀." Muthusamy di etí ìkòkò kan mú, èmi di ìkejì mú. Àwọn tó ń jẹun lọ́wọ́ gbé abọ́ tẹ̀lé wa, wọ́n ń jẹ bí wọ́n ṣe ń sọdá títì.

Ta ló ń mu kọfí lórí inú òfìfo? Láàárín oṣù kan, orí àga Chun Wei ti ń kó eruku. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sọdá wá nínú òjò, ó tò sórí ìlà, ó nawọ́ sí adìẹ, ẹyin àti ilá. Naina wo abọ́. Ó wo ojú ẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ringgit méjì."

Ojú Chun Wei pọ́n. "Bàbá, èmi kì í ṣe tálákà! Mẹ́tàlá ni!" Ó ka mẹ́tàlá sórí tábìlì.

Naina mú méjì, ó ti mọ́kànlá padà sí i.

"Mo ti wo ṣọ́ọ̀bù ẹ," ó ní. "Níbí, èmi ni mò ń dá owó lé e. Jókòó, jẹun."