Wáyà Mọ́kànlá

Bàbá Elétí ni wọ́n ń pè é, nítorí etí ọkùnrin náà kò gba gbẹ̀rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún ohùn píánò ṣe, ó sì ti ń ṣe é bọ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí ilẹ̀kùn bá ń dún nílé, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó! Kí ni ilẹ̀kùn ṣe fún yín?"

Ẹgbẹ́ eléré mẹ́rin wá parapọ̀ láti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe àjọ̀dún fún arúgbó olórin kan. Gbogbo orin tó ti kọ láyé rẹ̀, mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ni wọ́n fẹ́ lù, wọn ò ní fo ẹyọ kan. Bàbá Elétí ló ń tọ́jú àwọn píánò. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, ó tètè dé gbọ̀ngàn, ó rí píánò àtijọ́ kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tẹ̀ ẹ́. Háà! Wáyà mọ́kànlá ló ṣì ohùn! "Wọ́n fẹ́ dójú tì mí nìyí o," ló ń kùn. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó bọ́ kóòtù, ó yọ irin tó fi ń yí wáyà, kò sì gbéra títí gbogbo rẹ̀ fi ń dún geere.

Àṣé wàhálà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Obìnrin tó ń darí àjọ̀dún wọlé, ó tẹ píánò náà, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yìí? Bàbá olórin fúnra wọn ló yí wáyà wọ̀nyẹn! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko nílé wọn, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n! Bí wọ́n ṣe fẹ́ kí orin ìkẹyìn dún nìyẹn, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la sì máa lù ú."

Ara Bàbá Elétí bù máṣọ. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, òógùn bò ó. Ìkánjú ọjọ́ kan ṣoṣo fẹ́ ba orúkọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jẹ́. Ta ló tiẹ̀ rán an níṣẹ́? Àmọ́ ohun tó bá ti bí etí yẹn nínú, kì í gbàgbé rẹ̀. Ó dijú, ó rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí rẹlẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ń han. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n jẹ́ padà, ó ń pòṣé. Ọwọ́ rẹ̀ ń kọ̀ ọ́, ó ń fipá mú un.

Nígbà tí wọ́n ń lu orin náà, kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń yí lórí àga bí ẹni tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò rẹ̀. Orin parí, èrò dìde, àtẹ́wọ́ ń ró wàà. Arúgbó olórin nìkan ni kò dìde. Ó ní kí wọ́n pe atún-píánò-ṣe wá.

"Wọ́n ní ìwọ lo tún un ṣe, tó o tún wá bà á jẹ́ padà."

"Ẹ dárí jì mí, sà. Gbogbo wáyà mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni mo dá padà."

"Mo gbọ́ ọ. Nígbà tó o kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, báwo ló ṣe rí lára rẹ?"

Bàbá Elétí ò lè purọ́. "Inú bí mi, sà. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Kò tíì balẹ̀ títí di báyìí."

Omi lé ròrò sójú arúgbó náà, ó di Bàbá Elétí lọ́wọ́ mú. "Bó ṣe rí lára tèmi náà nìyẹn, lọ́dún tí mo kọ ọ́. Gbogbo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ yìí, wọ́n ní ó dùn."