Àkèré, Ọkọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà Tí Ọkọ Mi Tún Ṣe

Òórùn pẹtiróòlù tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì ló máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wa nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí rélùwéè bá ti tú àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin là ń gbé ní Òṣogbo nígbà náà, nínú yàrá méjì tó kọjú sí pápá kan. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òórùn ilẹ̀ tútù á gòkè, èéfín tó ń jáde lẹ́nu páìpù á dà pọ̀ mọ́ ọn, aṣọ tí mo sá á sì gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Mo máa ń kùn pé aṣọ àwọn oníbàárà mi ń rùn. Aránṣọ ni mí, ìwọ náà mọ̀ bí a ṣe ń ṣìkẹ́ aṣọ oníbàárà. Lónìí, bí alùpùpù àtijọ́ kan bá gba iwájú ilé kọjá tó tú irú èéfín yẹn sílẹ̀, ńṣe ni ọwọ́ mi máa ń dúró lórí ohun tí mò ń ṣe.

Ọmọ Ìwàrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ọkọ mi, fítà rélùwéè sì ni, àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ṣe. Àkókò ogun abẹ́lé ni a lọ ṣọdún Àjíǹde nílé wọn, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí ọkọ̀ náà. Àwọn òyìnbó kan ti pàgọ́ síbẹ̀ rí, wọ́n ń wá góòlù létí àwọn odò kéékèèké tó pọ̀ lágbègbè yẹn. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó ẹrù wọn lọ, wọ́n fi èyí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ sílẹ̀ fún bàbá àgbàlagbà tó yá wọn nílẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé bàbá yìí ni ọkọ̀ náà wà. Bí o bá rí i, wàá rò pé ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá kan ni wọ́n so táyà mọ́. Ike líle ni gbogbo ara rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè tó ti ṣá, táyà rọ̀bọ̀tọ̀ mẹ́ta lápá ọ̀tún, mẹ́ta lápá òsì. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní òrùlé, kò sì ní sítíárìn. Ọ̀pá irin méjì ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Adìyẹ ti yé ẹyin sórí ìjókòó.

“Kí ni wọ́n ń fi ṣe, bàbá?” ni ọkọ mi béèrè.

“Wọ́n ń gùn ún lórí ilẹ̀, wọ́n tún ń gùn ún wọ inú omi. Ojú mi ló ṣe. Bí o bá fẹ́ ẹ, gbé e lọ, ọmọ mi. Ibi tí ewúrẹ́ mi ń sùn ló gbà.”

Èmi rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti wólẹ̀, ó ń yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ náà bí ìgbà tí dókítà ń yẹ aláìsàn wò.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ṣòro fún mi láti mọ̀. Odò kan wà láàárín Ìwàrà àti abà tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn lè fi ẹsẹ̀ là á kọjá kí omi má dé orúnkún. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti le, á kún, á gbé afárá onígi lọ, àwọn ará abà á sì wà lódìkejì títí omi á fi fà. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni bàbá ọkọ mi kú. Inú rírun ló ṣe é, wọ́n gbé e dé etí omi, wọn ò lè gbé e kọjá. Ọkọ mi wà lápá ìhín lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn bàbá òun, òun sì ń dá a lóhùn, títí tí kò fi dáhùn mọ́. Láti ìgbà náà ló ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ìyá kò gbà. “Ṣé kí n fi bàbá yín sílẹ̀ sóko ní òun nìkan ni?” Ohun tó máa ń sọ nìyẹn, á sì padà sídìí kòkó rẹ̀.

Bí a ṣe fi lọ́rì gbé ọkọ̀ náà wá sí Òṣogbo nìyẹn. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó. Wọ́n pè é ní ọpọ́n, wọ́n pè é ní pósí òyìnbó, nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ ní Àkèré, torí pé wọ́n ní ilẹ̀ ni, omi ni. Orúkọ yẹn ló mọ́ ọn lára. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gan, kò yí mọ́. Àwọn ṣéènì tó ń yí táyà ti dípẹtà, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn gbagidi. Ike abẹ́ rẹ̀ ti là, òrùka rọ́bà tó yẹ kó máa dí omi mọ́ta níbi tí irin táyà gbà wọlé sì ti jẹ. Ọkọ mi tú u palẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kẹrosíìnì, ó ń fọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí ṣáájú ìgbà yẹn, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ọ. A ti ṣègbéyàwó fún ọdún díẹ̀, ọmọ kò dé. Kò bá mi jà, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan ti wọlé tì wá. Bó bá ṣíwọ́ iṣẹ́, á ya ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́, ìgbà tó bá dé, á jẹun, á sùn. Àkèré ló dá a padà sílé. Nítorí pé ẹ̀yìnkùlé ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ lòun náà wà. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi jáde síbẹ̀ kí n lè rí afẹ́fẹ́, bí mo ṣe máa ń wí. Á ní, “Bá mi mú sípánà kékeré yẹn,” màá mú un. Nígbà tó yá, n kò dúró kó tó béèrè mọ́. A gbọ́ pé ọ̀kan irú rẹ̀ tó ti jóná lápá kan wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta irin àlòkù. Àwa méjèèjì la jọ lọ tú ohun tó ṣì dára lára rẹ̀. A gbé táyà méjì lórí padà wálé, à ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bí ọmọ iléèwé.

Èmi ni mo rán ìjókòó rẹ̀. Lẹ́dà dúdú ni mo lò, mo rán an ní ìlọ́po méjì kí omi má baà wọ tìmùtìmù. Ọkọ mi fi ọwọ́ pa á, ó ní, “Àwọn òyìnbó gan-an kò jókòó sórí irú èyí.” O lè máa rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe kékeré fún mi. Ó pẹ́ tó ti yìn mí kẹ́yìn.

Ọjọ́ tí a gbé e lọ sí adágún omi kan ní ọ̀nà Ìdó-Ọ̀ṣun, èmi kọ́kọ́ dúró sórí koríko. Ó ní kí n wọlé, mo wọlé. Ó fa okùn ẹ́ńjìnnì, Àkèré pariwo, ó sọ̀kalẹ̀ láti orí koríko wọ inú omi láì dúró. Mo di ojú mi. Nígbà tí mo là á, omi ló yí wa ká. Táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń yí wọ́ọ́wọ́ọ́, wọ́n ń gbọ́n omi sẹ́yìn, à ń lọ jẹ́jẹ́. Bí inú ọkọ mi bá dùn, Ìjẹ̀ṣà ló máa ń sọ. Ó ń pariwo, “Ulé! À ń lọ ulé!”, ilé ló ń pè bẹ́ẹ̀. Mo wo inú ọkọ̀, inú rẹ̀ gbẹ. N kò mọ ìgbà tí mo di apá rẹ̀ mú.

Ó mọ ibi tí agbára Àkèré mọ. Ó máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé omi tó dúró ni wọ́n ṣe é fún, pé omi tó ń sáré á kàn máa gbé e lọ ni. Ìdí nìyẹn tó fi ra okùn gígùn kan tó nípọn. Ó ní bí àwọn ọkùnrin bá di okùn mú létí odò, tí wọ́n ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò ní sí ewu.

Òjò ọdún náà pọ̀. Awakọ̀ lọ́rì kan tó ti Iléṣà bọ̀ ló jíṣẹ́ fún wa pé ara Ìyá kò yá, pé ibà ti dá a dùbúlẹ̀ sí abà, odò sì ti kún. A gbé Àkèré sínú lọ́rì ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan. Òwúrọ̀ la débẹ̀. Omi náà pupa, ó ń ya igi, ó ń gbé ewé àti ẹ̀ka kọjá, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn gbọ́rọ̀. Àwọn ọkùnrin abúlé ti pé síbẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ Àkèré, wọ́n di í mú, ọkọ mi gùn ún wọ inú omi. Omi gbé e lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, wọ́n fa okùn le, ó tún gba iwájú, ó sì gúnlẹ̀ lódìkejì. Àwọn èèyàn hó yè. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi yọ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tí ó fi aṣọ wé, ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó tí mo rán. Wọ́n fà wọ́n padà wá sọ́dọ̀ wa. Mo rí ojú ọkọ mi nígbà tó gbé ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí mo bá ń rántí rẹ̀, ojú yẹn ni mo máa ń gbìyànjú láti rántí.

Wọ́n tẹ́ Ìyá sórí ẹní. Ó la ojú, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, “Ìyàwó aládùúgbò mi wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Òun ló ń fún mi lómi mu. Ẹ má fi í sílẹ̀.”

Gbogbo wa gbójú sókè. Lóòótọ́, obìnrin kan ti dúró lódìkejì, ó fi ọ̀já gbé ọmọ sẹ́yìn, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sí wa.

“Ó ń pè wá,” ni ọkọ mi wí.

“Ẹ jẹ́ kí omi fà díẹ̀ ná,” ni mo wí fún un. “Ó ti rẹ̀ yín.”

“Mò ń bọ̀,” ló wí. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó sì padà wọnú ọkọ̀.

Ó ti dé àárín odò nígbà tí ìtì igi ńlá kan ti òkè wá. Àwa rí i, òun kò rí i, torí ẹni tó wà lódìkejì ló ń wò. A pariwo, omi gbé ariwo wa mì. Igi náà kọlu ẹ̀gbẹ́ Àkèré, okùn fà yọ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin náà, ó bó àtẹ́lẹwọ́ wọn. Nígbà tí ọkọ̀ tún yọ sójú omi, ó ti dojú dé, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjú sókè, wọ́n ṣì ń yí díẹ̀díẹ̀. N kò rí ọkọ mi mọ́. Ọjọ́ kejì ni àwọn àgbẹ̀ rí i nísàlẹ̀ odò.

Ìyá yè. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Iléṣà títí ibà fi lọ. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé, “Èmi ni mo ní kó padà.” N kò lè wo ojú rẹ̀, n kò sì lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó ni lọ́rì ní òun lè bá mi tún Àkèré ṣe, pé ike rẹ̀ nìkan ló fọ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀ síbi tí omi gbé e sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n yẹn wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, kò lè dìde. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́ débi pé mo ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó gbọ́.

“Kò sí ohun tó ṣe wá, mà. A ti lọ sókè, omi kò lè débẹ̀. Láti orí òkè ni mo ti rí igi yẹn tó ń bọ̀ lọ́nà jíjìn. Mò ń juwọ́ sí ọkọ yín pé kí wọ́n má wá mọ́ ni.”

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo padà sí Òṣogbo, sí ẹ̀yìnkùlé tí ọ́ìlì ti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di dúdú. Àwọn ẹbí mi ń retí pé kí n padà sílé bàbá mi, torí pé n kò bímọ fún ọkọ mi. Ní ọjọ́ kan ni mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bá Ìyá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù aṣọ kan. Kò sọ pé òun wá gbé. Ó kàn ní, “Oko náà ti tóbi jù fún mi.” Mo gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. A jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọjọ́ kan wà tí inú ń bí mi sí i débi pé n kò lè bá a jẹun, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé òun nìkan ni mo lè bá sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ ṣàlàyé ẹni tó jẹ́.

Ọ̀sán kan, ní ìgbà tí ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ó pè mí láti orí ibùsùn. Ó ní, “Ìyàwó mi, obìnrin yẹn, ṣé ó ń pè é lóòótọ́?”

Mo ti mọ̀ pé á béèrè lọ́jọ́ kan. Mo gbé aṣọ tí mò ń rán sílẹ̀, mo lọ jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ó ń pè wọ́n, mà. Gbogbo wa la rí i.”

Ó mi orí pé òun gbọ́, ó kọjú sí ògiri, ó sì sùn bí ẹni tó ti pẹ́ tó ti ń wá oorun. Kò béèrè mọ́ títí ó fi kú.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ọkọ mi kú sínú ohun ìṣeré òyìnbó. N kì í bá wọn jiyàn. Wọn kò mọ̀ pé àwọn ìrọ̀lẹ́ tí mo fi ń mú sípánà fún un ni gbogbo ìgbéyàwó mi. Ní ti ọwọ́ tí obìnrin yẹn ń jù, ìyá ọkọ mi ti lọ láìmọ̀ ohun tó jẹ́, ọkọ mi fúnra rẹ̀ sì wọ inú omi pẹ̀lú ìdánilójú pé ẹnì kan nílò òun. Èmi ni mo mọ̀. Mo ti gbé e láti ìgbà náà, mo sì ti wá gbà pé ìpín tèmi nìyẹn nínú ìfẹ́ tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní sí ara wa.